Lẹ́tà Tí Kò Ní Àmì Ìdánudúró

Savè, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní, 2024

Chancelle ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Landry ọkọ rẹ ńkọ́? Oyún inú rẹ ńkọ́, ṣé ó ń ta ọ́ nípàá bó ṣe yẹ? Ọyẹ́ ọdún yìí le. Láti àárọ̀ mi ò rí orí òkè, eruku ti bò ó. Bàbá rẹ ń fi òrí pa ẹsẹ̀, ó ń kùn pé ètè òun ti ya.

Èmi fúnra mi ni mo fi ìka méjì tẹ lẹ́tà yìí. Ohùn mi kò tíì padà láti ìgbà tí wọ́n ti là mí lọ́fun yọ kókó ní oṣù kẹwàá. Tí mo bá fẹ́ pe ènìyàn, mo máa ń pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ mí ní Ìyá Alápàtẹ́wọ́. Fóònù kò wúlò fún mi mọ́. Síléètì kékeré kan àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́ nìkan ló kù tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ètò ìkọ̀wé tí o ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún dá iṣẹ́ dúró lẹ́yìn ọdún tuntun. Ó ń jẹ́ kí n ka lẹ́tà àtijọ́, kò jẹ́ kí n kọ tuntun. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Fadel tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Fadel wò ó, ó ní, "Màmá, kí lẹ ń sanwó fún? Ọ̀fẹ́ wà." Ó fi òmíràn sí i, LibreOffice ni wọ́n ń pè é. Mo ti fi kọ ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Bessé, mo fi to orúkọ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí, mo fi kọ lẹ́tà sí méérì ìlú wa. Mi ò tíì rí iṣẹ́ tí ti àtijọ́ ń ṣe tí èyí kọ̀ láti ṣe. Má sanwó èyí tó lọ mọ́. Fi ra ẹ̀wù òtútù.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi. O mọ bàbá rẹ, olùkọ́ kì í fẹ̀yìn tì. Kò sí lẹ́tà mi tí kì í tún ṣe kó tó lọ. Ó ní mi ò mọ ibi tí àmì ìdánudúró ń gbé. Mo sọ fún Fadel pé mo fẹ́ máa rí ohun tí ọkọ mi ń yí padà, kí n lè fi kọ́ ẹ̀kọ́. Ó ṣí nǹkan kan nínú ẹ̀rọ. Ohun tí bàbá rẹ bá fi kún un á pupa. Ohun tó bá pa rẹ́ á pupa, ìlà á sì gba àárín rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kò ní lọ. Fadel ní gbogbo lẹ́tà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò máa rí bẹ́ẹ̀. Pupa náà ń dun bàbá rẹ lójú, nítorí náà Fadel fi ibi tí mo lè tẹ̀ hàn mí kí pupa sá pamọ́, kí n sì tún tẹ̀ ẹ́ kó jáde. Tí bàbá rẹ bá jókòó, màá fi pamọ́. Tó bá dìde, màá ṣí i wò bí ọmọ ilé-ìwé.

Gbogbo àmì ìdánudúró tó wà nínú lẹ́tà yìí, òun ló ni wọ́n. Èmi, tí mo bá ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀, mi ò rí ìdí tí màá fi dúró.

Màmá rẹ,
Rosalie


Trois-Rivières, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú ọyẹ́. Ẹ bá mi kí Bàbá. Lókè òkun níbí, yìnyín ti dé ojú fèrèsé.

Lẹ́tà yín dé, ṣùgbọ́n kò ṣí lórí ẹ̀rọ mi. Ẹ̀rọ ní òun kò mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo rò pé olè kan ti gba ímeèlì yín, díẹ̀ ló kù kí n pa á rẹ́. Landry ló ṣí i lórí fóònù rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kà á. Mi ò rí pupa kankan, lẹ́tà lásán ni.

Ẹ má bínú, ó dùn mí díẹ̀. Ètò tí mo ń sanwó rẹ̀ yẹn ni nǹkan kan ṣoṣo láti ọwọ́ mi tí mo mọ̀ pé ẹ ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́. Ní báyìí Fadel ti fi ọ̀fẹ́ gba ipò mi. Àti pé ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé tí nǹkan bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí n béèrè ta ló bí i.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ títí n ó fi bí, kí n má ṣe wàhálà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe já mi láyà. Mi ò lè wá wò yín. Nítorí náà ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún.

Nígbà tí Ìyá àgbà kú ní Ofè, ìdánwò ni mo ń ṣe ní yunifásítì Calavi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ fi ń sọ fún mi pé wọ́n ń sùn, pé wọ́n lọ sóko, pé ara wọn le. Mo ra búrẹ́dì fún wọn ní Bohicon, mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn kí ẹnìkan tó sọ fún mi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́, Màmá. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Chancelle yín


Savè, ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, 2024

Chancelle ọmọ mi,

Pẹ̀lẹ́ o. Dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí o dùbúlẹ̀. Jẹ́ kí Landry máa fọ abọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò ní bó.

Ta ló bí i? Mo bi Fadel bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe é káàkiri ayé, wọn ò mọ ojú ara wọn. Ẹni tó bá rí àbùkù á tún un ṣe, á sì fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Mo kọ ọ́ sí síléètì fún un pé bí ọ̀nà oko Kaboua ni. Ẹni tó ń kọjá tó bá rí ẹ̀ka igi lójú ọ̀nà á gbé e kúrò, á máa bá tirẹ̀ lọ. Fadel rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò máa fi ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà. Ìwọ náà fi sí ẹ̀rọ rẹ. Ìgbà náà lo máa rí pupa bàbá rẹ.

Fadel kò gba ipò rẹ. Ẹ̀rọ tó gbé ètò náà sórí ńkọ́, ta ló fi ránṣẹ́? Lẹ́tà A ti ń pa rẹ́ lójú bọ́tìnnì rẹ̀, ìka mi ló jẹ ẹ́.

Mi ò ní purọ́ fún ọ. Kókó náà ti yọ ní apá kejì ọ̀fun. Ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń kọjá. Ní ọ̀la a máa lọ sí ilé ìwòsàn ní Parakou.

Mo rántí búrẹ́dì yẹn. Kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́ nílé, adìyẹ la dà á fún. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo pàtẹ́wọ́ pe bàbá rẹ, mo kọ ọ́ sí síléètì pé tí nǹkan bá ṣe mí, òun gan-an ni kó kọ̀wé sí ọ lọ́jọ́ náà, kí o má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó kà á, ó mi orí. Mo ní orí mímì kò tó, kó fọwọ́ sí i. Ó mú ẹfun, ó fọwọ́ sí i. A ti nù ún báyìí, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì rí i.

Màmá rẹ,
Rosalie


Trois-Rivières, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì, 2024

Màmá mi,

Ẹ ò sọ ohun tí wọ́n sọ ní Parakou. Mo ń wo fóònù bí ẹni ń wo ìkòkò lórí iná. Ẹ jẹ́ kí Bàbá gbé tiwọn síwájú yín kí n rí ojú yín, ẹ ò ní láti sọ̀rọ̀.

Landry ń bi mí ohun tí n ó jẹ tí mo bá bí. Mo sọ fún un nípa omi ọbẹ̀ ata tí ẹ máa ń sè fún gbogbo abiyamọ àdúgbò. Kí lẹ ń fi sí i? Mo ti mu ún púpọ̀, mi ò sè é rí. Ẹ kọ ọ́ sí mi, ẹ má kánjú.

Chancelle


Savè, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, 2024

Chancelle ọmọ mi, mo kí ọ, mo kí Landry, mo kí ẹni tó wà nínú rẹ tí mi ò tíì mọ ojú rẹ̀.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. A ti ti Parakou dé ní àlàáfíà. Àwọn dókítà ṣe ìtọ́jú tó péye, wọ́n sì fún mi ní oògùn. Wọ́n ní kí n máa sinmi. Oògùn náà mú kí ojú mi wú díẹ̀. Nítorí náà, kò ní dára kí o rí mi lórí fóònù ní àkókò yìí.

Ní ti omi ọbẹ̀ ata, má ṣe ìyọnu. Èmi yóò kọ ọ́ sí ọ nígbà tí àkókò bá tó. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ ni kí o máa tẹ̀lé ìmọ̀ràn dókítà rẹ. Bàbá rẹ kí ọ. Bàbá Kamarou náà kí ọ.

Màmá rẹ,
Rosalie


Trois-Rivières, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta, 2024

Màmá mi,

Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ nígbà tí lẹ́tà yín dé. Ṣùgbọ́n ó mọ́ jù. Bàbá ti borí yín nínú ọ̀rọ̀ àmì ìdánudúró yìí. Mo fẹ́ràn bí ọ̀rọ̀ yín ṣe máa ń sáré tẹ́lẹ̀, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún un ṣe.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín Bàbá Kamarou àti Landry? Ẹ̀gbọ́n Bàbá kì í pè wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pe Landry lọ́sẹ̀ yìí. Landry máa ń jáde sínú òtútù láti dá a lóhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, omi ọbẹ̀ náà. Oṣù kan péré ló kù.

Chancelle


Savè, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta, 2024

Chancelle ọmọ mi,

Ara mi ń le sí i. Bàbá Kamarou kàn ń béèrè àlàáfíà rẹ ni. Má fi ṣe ohun ìrònú.

Fún omi ọbẹ̀ ata, wá atalẹ̀, ata gbígbẹ, àlùbọ́sà, tòmátì àti iyọ̀. Sè é kó jinná dáadáa. Máa mu ún ní gbígbóná.

Màmá rẹ,
Rosalie


Trois-Rivières, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin, 2024

Bàbá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín.

Mo bí ọmọbìnrin ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí. Ara rẹ̀ le. Ara èmi náà le, ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀. Nítorí náà ẹ lè sinmi báyìí, ẹ̀yin àti Bàbá Kamarou àti Landry.

Lánàá, nígbà tí ọmọ sùn, mo fi LibreOffice sí ẹ̀rọ mi. Mo ṣe é nítorí Màmá ní kí n ṣe é. Mo fẹ́ fi ohun kan náà tí wọ́n ń lò kọ̀wé sí wọn nípa ọmọ. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ṣí lẹ́tà oṣù kìíní, mo wá ibi tí Màmá sọ pé wọ́n ń tẹ̀ kí pupa jáde. Mo rí i. Àmì ìdánudúró yín kún ojú ewé bí èèyi lára ọmọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà mo ṣí ti ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì.

Bàbá, odindi lẹ́tà kan wà lábẹ́ lẹ́tà yẹn. Mi ò kà á tán. Ìlà pupa gba àárín gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá. Mo rí ibi tí ẹ kọ ọ́ sí pé ìyá mi ti fi wá sílẹ̀ ní ìdájí òní, ìlà gba àárín òun náà kọjá, bí ẹni pé ikú náà jẹ́ àṣìṣe ọmọ ilé-ìwé.

Mo pe Landry. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bi mí pé kí ló dé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé òun náà mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi ń bi òkú pé ṣé ara le. Mo béèrè ọbẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ dáhùn pé tòmátì. Màmá kò fi tòmátì sí i rí láyé wọn.

Búrẹ́dì kejì nìyí. Ẹ má kọ̀wé sí mi.

Chancelle


Savè, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin, 2024

Chancelle,

O ní kí n má kọ̀wé. Mo gbọ́. Ka èyí, lẹ́yìn náà kí o ṣe bó ṣe wù ọ́.

Mo kí ọ kú ewu ọmọ. Mo jókòó nígbà tí mo kà á pé ara ẹ̀yin méjèèjì le. N ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ayọ̀, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i lọ́dọ̀ rẹ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú lẹ́tà yẹn, àwọn dókítà Parakou ní kí n máa gbé ìyá rẹ lọ sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ní kí n gbé ẹ̀rọ lé òun lórí ẹsẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ní ìdájí Mọ́ńdè, ó lọ. Kí n tó jí ẹnikẹ́ni, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo kọ tèmi sábẹ́ tirẹ̀, nítorí mo ti fọwọ́ sí síléètì. Mi ò tíì fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi Kamarou wọlé. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó kà á. Ó ní, "Tìmóthì, òkú mélòó lo fẹ́ sin? Ọmọ yẹn ń dùbúlẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀." Òun ló pe Landry, èmi ni mo sì bẹ Landry kó pa ẹnu mọ́.

Mo fi ìka tẹ bọ́tìnnì tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́, mi ò gbé e sókè. Tèmi lọ, tirẹ̀ lọ. Ìkíni rẹ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀. Ogójì ọdún ni mo fi nu pátákó. Ohun tí mo bá nù, ó ti lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ pupa tí ìyá rẹ sọ, èmi gan-an ni mo tún gbólóhùn rẹ̀ ṣe ní oṣù kìíní, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ yẹn mi ò rí pupa kankan lójú ẹ̀rọ, mo sì gbà pé kò sí. Lẹ́yìn tí mo fi lẹ́tà ránṣẹ́, mo yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ àti nínú ímeèlì, kí ọmọ ilé kankan má baà ṣí i kó sì pè ọ́.

Chancelle, mi ò ní ọ̀rọ̀ ìyá rẹ mọ́. Nígbà tí o béèrè ọbẹ̀, mo mọ̀ pé ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò rántí ohun tó kọ. Mo wọ ilé ìdáná rẹ̀, mo dúró sáàárín àwọn ìkòkò. Tòmátì ni mo rí, òun ni mo sì kọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ka ìwé rẹ̀ yẹn, mo sì yára kà á, mo ń wá ibi tí àmì ìdánudúró yẹ kó wà.

Ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ló kù sí. Fi ránṣẹ́ sí mi, bí o kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Bàbá rẹ,
Tìmóthì


Savè, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún, 2024

Chancelle,

Mo kí ọ, mo kí ọmọ, mo kí Landry. Má bínú sí i nítorí mi.

Òjò ti ń rọ̀. Koríko ti bẹ̀rẹ̀ sí hù níbi tí a sin ín sí, mo ń fi ọwọ́ tu ú. Àwọn obìnrin Bessé wá, wọ́n ní àwọn kò rí ẹni kọ ìwé ìpàdé. Mo ń kọ ọ́ fún wọn. Nínú ìwé tí ìyá rẹ to orúkọ wọn sí, nọ́ńbà kìíní ni òun fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kí n yọ ọ́, kí nọ́ńbà tó kù sún sókè. Mo ní ẹ̀rọ kò gbà. Ẹ̀rọ gbà, èmi ni mi ò gbà.

Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ bá Fadel. Ó wá a fún wákàtí méjì, kò rí lẹ́tà náà. Ó ní, "Bàbá, ìlà pupa máa ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ nínú ìwé. Ẹ̀yin wá ju ìwé náà fúnra rẹ̀ dànù." Kò gba nǹkan lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ń béèrè bóyá ẹ ti sọ ọmọ náà ní Yétúndé. Mo ní mi ò mọ̀.

Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣí ẹ̀rọ. Bọ́tìnnì A kò ní ojú mọ́ rárá, ṣùgbọ́n ìka mi ti mọ ibi tó wà.

Bàbá rẹ


Trois-Rivières, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú òjò.

Lẹ́tà náà nìyí. Mi ò dákẹ́ láti fìyà jẹ yín nìkan. Nínú LibreOffice, ibi tí a bá ti yí ọ̀rọ̀ padà, ètò náà máa ń bi ènìyàn bóyá kí òun gba ìyípadà náà wọlé tàbí kí òun kọ̀ ọ́. Bọ́tìnnì kan wà tó lè kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mo mú un. Mo yan ìlà kan, mo ní mi ò gba ohun tí ẹ ṣe sí i. Mo yan òmíràn, mo kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ mìíràn, ìlà kan ṣoṣo ni mo lè ṣe, màá pa ẹ̀rọ dé, màá lọ fún ọmọ lọ́mú. Bí mo ṣe ń kọ̀ ọ́, pupa ń kúrò lára ọ̀rọ̀ Màmá, ó ń dúdú padà. Èyí tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀ ti lọ.

Tọ́ládé ni ọmọ ń jẹ́. Ẹ sọ fún Bàbá Kamarou pé kó ka ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mi ò tíì dárí jì yín. Mo se ọbẹ̀ náà lánàá. Mo jókòó kí n tó mu ún.

A ó wá ní oṣù Kejìlá.

Chancelle


Savè, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, 2024

Chancelle ọmọ mi mo kí ọ mo kí Landry mo kí ẹni tó wà nínú rẹ tí mi ò tíì mọ ojú rẹ̀ wọ́n ti ní kí a máa bọ̀ láti Parakou wọn ò sọ ìdí ṣùgbọ́n bàbá rẹ ra ọsàn fún mi ní Tchaourou bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé mi ò lè gbé nǹkan mì ó mú un dání títí a fi délé ìgbà yẹn ni mo mọ̀ o béèrè omi ọbẹ̀ èèrù mẹ́ta ni kí o gún má jẹ́ kó ju mẹ́ta lọ yóò korò ìyèré díẹ̀ èfìnrìn tí o bá rí i ẹja gbígbẹ kí omi rẹ̀ pọ̀ má fi tòmátì sí i jókòó kí o tó mu ún má mu ún lórí ìdúró bí èmi ṣe mu ún nígbà tí mo bí ọ nítorí pé àlejò pọ̀ tí ó bá jẹ́ obìnrin wọ́n á fẹ́ sọ ọ́ ní Yétúndé má gbà fún wọn mi ò fẹ́ padà wá kíákíá bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí n sinmi kí ọmọ náà wá bí ara rẹ̀ Tọ́ládé wù mí bàbá rẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá wà yóò ṣi nǹkan ṣe bá a jà ṣùgbọ́n má pẹ́ níbẹ̀ ẹ̀rọ yìí gbóná lórí ẹsẹ̀ mi bí ológbò ó ti rẹ̀ mí ohun tó kù ni pé

Chancelle, ibí ni ìka rẹ̀ dúró sí ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀ ní ìdájí òní, ọwọ́ mi wà lábẹ́ orí rẹ̀. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún, nítorí mo ti ṣèlérí fún un. Jókòó, mí sínú, pe Landry kó di ọ́ mú.

Nígbà tó ti ẹ̀rọ sápá kan lánàá, mo na ọwọ́ láti tún ìwé rẹ̀ ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó di ọwọ́ mi mú, ó mi orí pé rárá. Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe kọ ọ́. Mi ò fi àmì ìdánudúró kankan sí i